Àyè tí Bàbá Mi Yàn ní Ẹ̀yìnkùlé

N kò fẹ́ràn iṣẹ́ ìgbà ìwọ́wé rí. Àwọn tí wọ́n ń fi í yangàn lórí fóònù, tí wọ́n wọ súwẹ́tà tuntun, tí wọ́n di ife tíì mú láàárín ewé pupa, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wá sí Taradale, àdúgbò wa, láàárọ̀ Sátidé kan kí wọ́n wá bá mi fa gbòǹgbò tòmátì. Ní Calgary yìí, ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ pupa. Á yí sí yẹ́lò, afẹ́fẹ́ á gbọ̀n ọ́n dànù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tó kù fún onílé ni iṣẹ́. Wàá ká tòmátì tí kò tíì pọ́n, wàá fi bébà wé e sínú basement, yàrá abẹ́ ilé, wàá sì máa bẹ̀ ẹ́ bóyá á ṣàánú rẹ. Wàá gbé ìkòkò ata rodo wọlé. Wàá tú rọ́bà omi kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ kí omi inú rẹ̀ má baà dì kó bẹ́ páìpù mọ́ ọ lọ́wọ́. Wàá fi réèkì kó ewé jọ lónìí, tó bá di ọ̀la wàá tún kó o. Lójú tèmi, bí ìgbà tí èèyàn ń palẹ̀ ẹrù olóògbé mọ́ ló rí. N kò mọ̀ pé ọdún kan ń bọ̀ tí n ó jọ ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹni tó ń wá ibi tí a ó sin òun sí.

Bàámi ni ẹni náà. Tíṣà ni wọ́n ní Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, èmi nìkan sì ni ọmọ tí wọ́n bí. Nígbà tí ìyá mi kú, iwájú ilé ni a sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàráńdà, bí a ti í ṣe nílé wa. Bàámi dúró ti bíríkìlà títí ó fi parí sàréè náà, wọ́n sì ní kó fi búlọ́ọ̀kù yí àyè kan ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè tiwọn nìyẹn. Nígbà tí mo padà sí Calgary, wọ́n fi hàn mí lórí fídíò fóònù bí ẹni ń fi yàrá tuntun han àlejò. "Ìyá rẹ nìyí, èmi nìyẹn. A ò ní jìnnà síra." Inú bí mi, mo ní kí wọ́n gbé fóònù kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí snow ń yọ́ ni wọ́n wá kí wa. Oṣù mélòó kan ni a jọ fẹnu kò sí, kí n lè rí wọn bọ́ kí ara wọn fi padà bọ̀ sípò. Àfi bí àyà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ọkàn wọn ti rẹ̀ gan-an, kò lè gba ìrìn àjò bàálù tó jìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó wo ilẹ̀, ó ní kí n má fi ìgbà kankan sọ́kàn. Bí àlejò ṣe di onílé tipátipá nìyẹn. Bàámi ń gbé basement wa, èmi àti ọmọ mi obìnrin wà lókè, ọkọ mi wà ní camp níhà àríwá níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ló gbà wá. Bàámi tú ilẹ̀ náà tinú tòde, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, wọ́n gbin ṣọkọ, wọ́n gbin tòmátì sí ìdí fẹ́ǹsì níbi tí oòrùn ti ń mú jù. Ọjọ́ kan nínú ooru, a ń tu koríko nídìí ẹ̀fọ́, wọ́n na ẹ̀yìn dúró, wọ́n ní, "Bí mo bá kú síbí ńkọ́?"

"Bàámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ jọ̀ọ́. Ẹ ò ní kú."

"Ta ni ò ní kú? Ìwọ náà á kú. Ìbéèrè ni mo bi ẹ́, dáhùn."

Mo ní a ó gbé wọn lọ sílé. Irọ́ ni. Apá èmi àti ọkọ mi kò ká a láti gbé òkú kọjá òkun, Bàámi fúnra wọn kò sì fẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tí wọ́n jọ ṣe tíṣà. Nígbà tó kú, òkè òkun ni gbogbo ọmọ rẹ̀ wà, wọ́n sì fi òkú rẹ̀ sí mọ́ṣúárì títí oníkálukú fi rí ààyè gbà níbi iṣẹ́. Bàámi lọ wo òkú náà lọ́jọ́ ìsìnkú, wọn kò dá ọ̀rẹ́ wọn mọ̀.

"Wọ́n tọ́jú èèyàn bí ẹja inú yìnyín," ni wọ́n wí. "Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ tí mo bá kú, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, kí n ti wọlẹ̀. Ẹ sin mí síbí." Wọ́n fi ọkọ́ kékeré ọwọ́ wọn kan ilẹ̀. "Bí n ò bá lè dé ilé mi, ilé ọmọ mi náà, ilé mi ni."

"Wọn kì í sin òkú sílé níbí, sà. Government ò gbà á."

"Níbo ni wọ́n wá ń sin ín sí?"

"Cemetery ni, sà. Itẹ́ òkú."

Wọ́n wò mí ṣùn-ùn. "Nílé wa, ẹni tí a ò mọ ilé baba rẹ̀ là ń gbé lọ síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Èmi wá fẹ́ ti oko bọ̀, ẹ ní kí n lọ sùn sí gbangba." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fa koríko lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ wọn ti dín kù. Tí mo bá gbé ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù wá, wọ́n á kí mi, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á jẹ òkèlè díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti yó. Mo gbé wọn padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní àyà yẹn kò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. N kò ní oògùn rẹ̀.

Ooru lọ, ìgbà ìwọ́wé dé. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ wàhálà ọdọọdún. Gbogbo àdúgbò ló ti ń fi aláǹtakùn onírọ́bà àti nǹkan ẹlẹ́rù ṣe iwájú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ de Halloween, ọdún tí wọ́n ń fi òkú àti iwin ṣeré níbí, ó sì fẹ́ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjọ wa kò gbà á, èmi náà kò gbà á. Mo ti fi ẹ̀rù òkú dàgbà tó, n kò ní rà á wálé.

"Mommy, everybody on our street does it. Why are we always the weird ones?"

"Torí pé weird la jẹ́. Lọ gbé elégédé yẹn wá."

Elégédé ni mo fi bá a ṣe àdéhùn. A tò ó sórí àtẹ̀gùn, a gbé ìdì koríko gbígbẹ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sì ra òdòdó tí wọ́n hun róbótó láti kọ́ sára ilẹ̀kùn. Harvest ni mo pè é kí àwọn ará ìjọ má baà rí ẹnu sọ. Bàámi jáde wá wò ó, wọ́n fi ìka kan elégédé náà bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jà.

"Elégédé tó gbó dáadáa báyìí, ẹ ò sè é? Ẹ gbé e jókòó síta kó máa gba òtútù?"

"Wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ni, sà."

"Ebi ò pa wọ́n ní ìlú yìí rí," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Obìnrin kan ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa gan-an. Ẹgbẹ́ mi ni, ọlọ́yàyà èèyàn ni, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Lọ́dún yẹn, ó kó ewé jọ síwájú ilé rẹ̀ ní gígùn bí òkítì, ó fi aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ bò ó, ó gbé òkúta sàréè kan sí ibi orí rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò òdòdó kan tì í. R.I.P. gàdàgbà ló wà lójú òkúta náà. Fóòmù lásán ni, ṣùgbọ́n ó kùn ún bí kọnkéré tó ti pẹ́ nínú òjò. Ó ṣe é dáadáa, kí n má parọ́. Láti ojú ọ̀nà, bí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn sí ló rí.

Ó yẹ kí n ti rò ó. Ta ni kò mọ̀ pé Bàámi máa ń jókòó sẹ́nu fèrèsé pálọ̀ láti àárọ̀? Ṣùgbọ́n mo ti wà níbí pẹ́, ojú mi ti mọ́ nǹkan ìlú yìí débi pé n kì í rí i mọ́.

Ní Sátidé yẹn, frost, ìrì dídì, ti pa ẹ̀fọ́. Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń fa tòmátì tu, mò ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo parí, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde síwájú láti lọ kó báàgì ewé. Mo rí Bàámi tí wọ́n ń ti òdìkejì bọ̀. Wọ́n wọ agbádá òfì, wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì snow mi lé e lórí, fìlà wà lórí wọn, wọ́n di báàgì bébà kékeré kan mú. Wọ́n rọra ń sọdá títì bí ẹni tó ti ibi pàtàkì bọ̀.

"Bàámi, ibo lẹ lọ?"

"Ibi tó yẹ kí ìwọ ti lọ." Ojú wọn le. "Òkú kú lójúde ẹni, ẹ jọ kọjú síra, o ò lè lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Mo wo òkúta fóòmù náà. Mo wo ojú bàbá mi.

"Kí lẹ sọ fún un, sà?"

"Mo kó malt inú fìríìjì dání. Mo sọ fún un pé, 'Madam, please accept our condolences. Who is the deceased?' Ó ní, 'Oh, just some old fellow. No trouble at all.' Ó ń rẹ́rìn-ín." Bàámi mi orí. "Òkú àgbà ni. Wọn kì í sunkún òkú àgbà. Èyí wá fi hàn mí pé wọ́n mọ̀wà hù ju bí o ṣe ń sọ lọ. Ó fún mi ní ṣokoléètì."

Ó yé mi. Obìnrin náà rò pé bàbá arúgbó ilé kejì wá bá òun ṣeré Halloween ni, pé agbádá yẹn gan-an jẹ́ ara eré, òun náà sì bá a ṣe é. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ Bàámi ti gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"O ní wọn kì í sin òkú sílé níbí."

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó mú ọmọ kíláàsì níbi tó ti ṣe àṣìṣe, tínú rẹ̀ sì dùn pé àṣìṣe ni, ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ojú wọn mọ́ kedere. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Calgary, n kò rí ojú yẹn. Ojú tí wọ́n fi ń wo ìyá mi nìyẹn tó bá ti ọjà dé.

N kò sọ fún wọn pé eré ni. Mo ní, "Ẹ wọlé, sà, òtútù ń mú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n jẹ ẹ̀bà tán, tí wọ́n sì béèrè fún sí i. Ọmọ mi, tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti orí àtẹ̀gùn, fà mí wọ ilé ìdáná. "Mommy, Grandpa thinks it's real!"

"Mo mọ̀. O ò gbọ́dọ̀ sọ fún un."

"But that's lying."

"Pè é ní ohun tó bá wù ẹ́," ni mo wí, mo sì kọjú sí abọ́ tí mò ń fọ̀.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bàámi jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rìn yí ibẹ̀ ká, wọ́n wo oòrùn, wọ́n wo fẹ́ǹsì, wọ́n tẹ́ igi réèkì sílẹ̀ níbi tí mo ti hú tòmátì kúrò. "Ibí ni," ni wọ́n wí. "Oòrùn àárọ̀ á máa kàn mí lẹ́sẹ̀. N ò fẹ́ kọnkéré o, òtútù kọnkéré pọ̀. Ẹ jẹ́ kí koríko hù sí i. Kí ọmọ yìí máa wá jókòó sí mi lórí tó bá fẹ́ kàwé."

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbin aáyù sí. Ṣáájú kí ilẹ̀ tó dì ni a ń gbìn ín níbí, á sùn sínú ilẹ̀ títí snow á fi yọ́, á wá hù. Mo sọ fún wọn.

"Gbìn ín sápá ibẹ̀ yẹn. N ò fẹ́ máa rùn bí ọbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. Mo gbé aáyù mi lọ sápá kejì, mò ń ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ilẹ̀, Bàámi sì ń fi réèkì pa ilẹ̀ tiwọn mọ́ bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn. Wọ́n ń kọ orin ìsin tí wọ́n fi ń kó ọmọ ilé ìwé wọ kíláàsì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, inú mi dùn, inú sì ń bí mi. Inú ń bí mi sí obìnrin òdìkejì títì pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀. Inú ń bí mi sí ìlú tó ń fi ohun tí bàbá mi ń tọrọ ṣe ẹ̀ṣọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, inú ń bí mi sí Bàámi, pé kí ló dé tí ayọ̀ wọn ṣe rọrùn tó báyìí, tí n kò sì lè fún wọn.

Mo pe ọkọ mi ní camp. Nígbà tí mo ròyìn tán, ó ní, "You have to tell Daddy o. Kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ níta."

"Wá sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ."

"Ah-ah. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń sọ pé òní ni n ó sọ ọ́. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ sí basement, n ó bá wọn tí wọ́n ti wọṣọ iṣẹ́, tí wọ́n ń wá ibọ̀wọ́. Wọ́n bá mi kó ewé sínú báàgì, wọ́n bá mi tú rọ́bà omi, wọ́n gbọn omi inú rẹ̀ dànù, wọ́n ká a kọ́ sí gáréèjì. Wọ́n ṣa irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sínú ike, wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀ kí n gbìn ín yí àwọn ká. Wọ́n ń kì mí ní oríkì. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ní lẹ́nu a máa yọ́ dànù, n ó ní ó dọ̀la.

Chinook ló bá mi sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan ni, orí òkè ìwọ̀ oòrùn ló ti ń wá, á ya lu ìlú lójijì, á sọ òtútù di ooru fún ọjọ́ kan tàbí méjì, á sì máa gbá ohunkóhun tí wọn kò bá so mọ́lẹ̀. Halloween kò tíì kọjá. Inú Bàámi dùn sí ooru náà, wọ́n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n wà níwájú ilé pẹ̀lú ọmọ mi, wọ́n ń to elégédé tí afẹ́fẹ́ ti yí lulẹ̀. Èmi dúró sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, mò ń fi wáyà de òdòdó ara ilẹ̀kùn kó má baà fò lọ.

Mo gbọ́ igbe ọmọ mi. Nígbà tí mo fi máa yíjú, òkúta sàréè ti tu kúrò níwájú ilé obìnrin yẹn. Ó ń yí gbirigbiri kọjá títì, ó ń tàkìtì, ó gun pèpéle wa, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ lu ìdì koríko gbígbẹ, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, R.I.P. kọjú sókè.

Bàámi dúró. Mo rò pé wọ́n máa bi mí léèrè. Wọn kò bi mí. Wọ́n lọ bá a, wọ́n ya ẹsẹ̀, wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ohun tó wúwo, mo sì pariwo pé, "Bàámi, àyà yín!" Wọ́n fà á. Ó tẹ̀lé wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ó fúyẹ́ bí ike, wọ́n fẹ́ẹ̀ fi ẹ̀yìn ṣubú.

Wọ́n gbé e wò níwájú, wọ́n gbé e wò lẹ́yìn. Ibì kan ti kán lára rẹ̀, funfun inú rẹ̀ hàn. Wọ́n fi èékánná ha á, ó ya dànù. Wọn kò wo ojú mi. Wọ́n gbé òkúta náà sábẹ́ apá, wọ́n sọdá títì, wọ́n tún un rì mọ́ ibi tó wà. Wọ́n tẹjú mọ́ òkítì ewé náà, tí afẹ́fẹ́ ti ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò. Wọ́n padà wá gbé elégédé wa kan, wọ́n gbé e lọ tì í nídìí kí afẹ́fẹ́ má baà tún gbé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wá bá mi.

"Ìwọ mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ yìí náà mọ̀."

Ọmọ mi bú sẹ́kún. "I'm sorry, Grandpa. It's just decoration."

"Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?" Èmi ni wọ́n ń bi.

"Kò sí, sà. Eré ni."

"Mo wọ agbádá lọ síbẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ọwọ́ pa ọmọ náà lórí, wọ́n sọ fún un pé kò ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n sì wọlé. Mo tẹ̀lé wọn dé ẹnu àtẹ̀gùn basement, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, pé kò sí ohun tí mo ṣe, pé ìlú onílùú ni. Bí wọ́n bá bú mi ni, ì bá dùn mọ́ mi.

Wọn kò wá sí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Chinook lọ, òtútù padà, mo dá parí ohun tó kù: mo pa ẹ̀rọ omi ìta, mo da ewé bo ibi tí mo gbin aáyù sí. Ibi tí Bàámi fi réèkì tẹ́, n kò fọwọ́ kàn án. Halloween wá, ó lọ. Obìnrin òdìkejì kó ohun ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sínú ike ńlá, ó dá elégédé wa padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Your dad is the sweetest." Mo ní ẹ ṣeun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ògì, mo bá Bàámi tí wọ́n ti múra tán, wọ́n wọ bàtà snow, wọ́n dé fìlà òfì. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Mú mi lọ síbẹ̀."

"Níbo, sà?"

"Ibi tí ẹ ó gbé mi lọ."

Mo ní ẹ jẹ́ ká jẹun ná. Wọ́n ní àwọn á jẹun tí a bá dé. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ẹ̀yìn ìlú ni itẹ́ òkú náà wà, ibi tí ilé ti tán, tí pápá bẹ̀rẹ̀. Kò sí igi kan tó ga níbẹ̀. Koríko ti kú, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, snow díẹ̀díẹ̀ wà láàárín rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ sì tò lọ títí ojú kò fi ká a mọ́. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì tọ́ka apá tí àyè ṣì wà sí wa, ó bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó padà wọlé. Bàámi di apá mi mú, a ń rìn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka orúkọ ojú rẹ̀ síta bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Orúkọ oríṣiríṣi ilẹ̀ ni. Òmíràn, wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó bọ́ sí wọn lẹ́nu. Wọn kò bá orúkọ kankan pàdé tó jẹ́ ti ilé wa, èmi náà sì ń wá a pẹ̀lú gbogbo ojú mi, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí a rí ẹyọ kan ṣoṣo.

A dé ibi tí òkúta parí sí. Koríko nìkan ló kù níwájú.

"Ta ni mo mọ̀ níbí?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní kò sí ẹnìkankan, sà.

Wọ́n wá fi apá mi sílẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n yíjú sí gbogbo àwọn tó sùn lọ bẹẹrẹbẹ yẹn, wọ́n sì gbé ohùn sókè díẹ̀, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé agbo ilé tí a kò ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú ilé o."

Bàámi dúró kí ẹnìkan dá wọn lóhùn, bí ẹni tó bá kí èèyàn ṣe máa ń dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun funfun orí wọn. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá ní ẹ káàbọ̀, mo ti gbà nìyẹn pé ibẹ̀ ni ilé wọn. Nígbà tó ṣe, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n ní ká máa lọ.